Ìlà Tí Ọ̀gá Mi Kò Tò Sí

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí máa ń béèrè bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ṣì dára láti kọ́. Wọ́n á wo àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó kún Sàngó, wọ́n á wo ìka ọwọ́ mi tó ti wọ́, ojú wọn á sì ti sọ ìdáhùn tí wọ́n mú wá láti ilé. N kì í bá wọn jiyàn. Káfíńtà ni mí. Iṣẹ́ náà ni mo fi jẹun láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí ojú mi fi kọ̀ láti rí ìlà tí mo fà sórí pákó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dára, ó dára. Ohun tí ojú àwa tí a ń kọ́ ọ rí nígbà ayé òyìnbó ni kò dára. Òun ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ti lọ.

Ràímì lorúkọ rẹ̀. Òun ni àgbà ọmọ iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ l'Ọ́tà, èmi sì wà lára àwọn kékeré. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí wọ́n má gba owó orí mọ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ní iṣẹ́ tara rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe wá a, ẹ ó sì gbọ́ àwọn tó dí i lọ́nà. Àwọn tó dí i lọ́nà kì í ṣe òyìnbó.

Abúlé Alápòtì ni bàbá mi ti mú mi wá. Ó fà mí lé Ọ̀gá Bákàrè lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúà, wọ́n fún mi ní ẹní, ó parí. Èmi Lásísì di ọmọ iṣẹ́. Ìṣó títọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá gbé lé mi lọ́wọ́. Ìṣó wọ́n nígbà náà, a kì í da èyí tó bá tẹ̀ nù. Màá jókòó ti òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, màá máa fi òòlù lu ìṣó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tọ́. Bí mo bá gbé e wá, ọ̀gá á fi ìka kan yí i lórí pákó. Bí ó bá yí geere, ó di ti iṣẹ́. Bí ó bá ta kọsẹ̀, á jù ú padà sí mi láìsọ̀rọ̀. Ìgbà òjò wá, ó lọ, kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn.

Kì í na ènìyàn. Ì bá máa na wá, ì bá sàn. Bí ẹnìkan bá kan àga tán, ọ̀gá á fi èékánná ìka rẹ̀ fa ojú oríkèé ibi tí igi méjì ti pàdé. Bí èékánná bá kọ́ síbẹ̀, á gbé àga náà sókè, á là á mọ́lẹ̀, á ní kí ẹni tó kàn án lọ ṣàlàyé fún oníṣẹ́ ìdí tí àga rẹ̀ kò fi tíì yá. Mo ti dúró lójú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ẹ́gbóná kọlù mí, tí àwọn ará ilé ń yà fún mi, ọ̀gá yìí kan náà ló ń bu omi fún mi mu. N kò ní torí pé inú ń bí mi kí n purọ́ mọ́ ọn. Ènìyàn gidi ni.

Àṣà kan wà láàárín àwa oníṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀tà nígbà náà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìtàn yìí tó yé yín. Ibi tí ọ̀gá bá dúró sí ni ọmọ iṣẹ́ ń dúró sí. Bí ìsìnkú bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀gá ni a ń tò sí. Bí ìjà bá dé, bí ọ̀gá bá yí mọ́ṣáláṣí padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni, bí òròmọdìẹ lẹ́yìn àgbébọ̀. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tò kò ní gba ìyọ̀ǹda, àṣẹ pé ó ti kọ́ṣẹ́ tán, ẹni tí kò bá sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kò sí káfíńtà kan l'Ọ́tà tó máa gbà á sí iṣẹ́. A kò rí i bí ìdè. Ilé ni a rí i bí.

Nísinsìnyí, owó orí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé ni àwọn akódà máa ń jáde, àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó ń bá ìjọba gba owó. Ọkùnrin tó bá ti dàgbà gbọ́dọ̀ san. Ta wá ni ó dàgbà? Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Akódà á di ọmọ mú lọ́nà, á gbé apá rẹ̀ sókè, á wo abẹ́ abíyá rẹ̀. Bí irun bá ti hù níbẹ̀, ọkùnrin ni, kó máa sanwó. Bí kò bá ní owó, ó di àtìmọ́lé. Ọmọ iṣẹ́ kò ní nǹkan kan ju oúnjẹ tí ọ̀gá ń fún un lọ, nítorí náà sísá ni à ń sá. Bí ẹnìkan bá ti súfèé lójú ọ̀nà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù a dá páropáro. Àwọn ọ̀gá wa mọ̀. Wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí wa nígbà tí a bá ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, lójú wọn oore ńlá nìyẹn.

Sàlíù ni ẹnìkejì mi. Ẹní kan la jọ ń sùn. Ọmọ Ìyá Mọ́ríámọ̀ tó ń ta epo pupa ni, òun nìkan ni ọkùnrin tí ìyá yẹn bí. Ẹlẹ́rìn-ín ni, ó sì lè gun òrùlé bí ológbò, nítorí náà òkè ni ọ̀gá máa ń rán an. Ní ọjọ́ tí mò ń wí, ilé Kéú kan là ń kan òrùlé rẹ̀. Sàlíù wà lórí igi òkè pátápátá, ó ń kan ìṣó. Àwa yòókù wà nísàlẹ̀, à ń rẹ́ igi. Súfèé dún.

Àwa sá wọ oko ẹ̀gẹ́. Láti ibẹ̀ mo rí Sàlíù tó dìde dúró lókè. Bí ó bá jókòó pẹ̀lú sùúrù, bóyá wọn ò ní gbójú sókè. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú. Ó sáré gba orí àwọn igi òrùlé, ó fẹ́ bẹ́ sí orí ilé kejì, ó sì tẹ èyí tí a kò tíì kàn mọ́lẹ̀. Igi náà yí. Orí òkúta tí àwọn bíríkìlà kó jọ ló já lé, kò sì dìde mọ́.

Ràímì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí pé òun kì í sá, ó ti ní ìyọ̀ǹda bó tilẹ̀ ṣì ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́, ó sì ń san owó orí tirẹ̀. Akódà kan pẹ̀lú dé ibẹ̀. Ohun tí akódà yẹn ṣe kò kúrò lójú mi dòní. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé apá Sàlíù sókè, ó wò ó, ó sì jẹ́ kí apá náà bọ́ sílẹ̀. Irun kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà kò tíì tó ẹni tó ń san owó orí rárá. Ó sá nítorí pé gbogbo wa ń sá.

Ọ̀gá Bákàrè sunkún lọ́jọ́ yẹn títí èémí rẹ̀ fi ń já. Fúnra rẹ̀ ló rẹ́ pákó tí a tò sórí sàréè kí a tó kó iyẹ̀pẹ̀ sí i. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọkàn rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo àgbàlagbà Ọ̀tà. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, àwọn akódà sì tún jáde. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele.

Àkókò náà ni òṣèlú wọ ìlú. Ìjọba òyìnbó ní kí a máa yan àwọn tí yóò jókòó ní ìgbìmọ̀ ìlú, tí yóò sì ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ owó orí. Ẹgbẹ́ kan ló lágbára jù lọ́dọ̀ wa, ọ̀gá mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ̀ ní àdúgbò. Ẹgbẹ́ tálákà ni wọ́n pè é. Àwa ọmọ iṣẹ́ la máa ń kan pèpéle tí wọ́n ń gùn sọ̀rọ̀, àwa la sì ń pàtẹ́wọ́ jù. Wọ́n ní bí àwọn bá wọlé, ẹrù tó wà lọ́rùn mẹ̀kúnnù yóò fúyẹ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ràímì gbà wọ́n gbọ́. Ó lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n fa òun kalẹ̀ fún àdúgbò wa, iṣẹ́ kan ṣoṣo lòun fẹ́ lọ ṣe ní ìgbìmọ̀, kí owó orí kúrò lọ́rùn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ní kó wá sí ìpàdé. Ilé Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni ìpàdé náà, olóyè ni, ó ń ta obì, òun nìkan ló sì ní ọkọ̀ akẹ́rù ní gbogbo agbègbè yẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ń lọ sọ̀rọ̀ ní abúlé, ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé wọn. Òun náà fẹ́ dé ìgbìmọ̀, kò sì sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Mo bá Ràímì lọ, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Agbẹjọ́rò kan wá láti Abẹ́òkúta láti bá wọn jókòó, ẹnu rẹ̀ tutù, ó mọ ènìyàn kí. Ràímì sọ ọ̀rọ̀ Sàlíù fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pariwo. Kò sí ẹnì kan nínú iyàrá náà tó sọ pé irọ́ ló ń pa, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù. Wọ́n gbà fún un léraléra. Òtítọ́ ni, wọ́n ní. Ó dunni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro. Bí wọ́n bá fi Bàbá Ọlọ́kọ̀ sílẹ̀, ó lè kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún ẹgbẹ́ kejì. Bí owó orí bá dín, kí ni ìgbìmọ̀ yóò fi tún ọ̀nà ṣe? Àwọn àgbà ìlú kò mọ Ràímì. Ó ti yá jù. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ ní ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn tó ń da ìlú rú.

Agbẹjọ́rò náà ló sọ ọ́ dáadáa jù. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, ọmọ mi. Ká ní èmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n àsìkò kò tíì tó. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná."

Ràímì ní, "Ta ló ń mọ̀ bí àsìkò bá tó, sà? Ẹni tó jókòó ni, àbí ẹni tó ń sá?"

Ọ̀gá wa ló dá a lóhùn, kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ràímì yíjú sí i, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ iṣẹ́ kì í fi òwe dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, ó kéré tán kì í ṣe láìkọ́kọ́ tọrọ gáfárà, ojú ti ọ̀gá. Wọ́n fa Bàbá Ọlọ́kọ̀ kalẹ̀ kí ìpàdé tó parí.

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá bá wa rìn dé orígun ilé. Ó fọwọ́ lé Ràímì léjìká, ó ní kó mú sùúrù, pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ràímì dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà tí ó dìde, ó ní òun yóò dúró fúnra òun, láìsí ẹgbẹ́.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ télọ̀, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọ̀dọ̀ bíríkìlà, a ń dúró de ìgbà tí ọ̀gá wọn bá lọ kírun. Kò sí ibi tí a dé tí wọn ò gbà wá. Ọmọ iṣẹ́ wo ni kò tíì sá wọ igbó rí? Wọ́n á ní ẹ lọ fọkàn balẹ̀, tiyín ni àwa. Mo ń padà wálé pẹ̀lú ayọ̀ tí n kò lè fi pamọ́, mo ń rí i lójú mi bí Ràímì ṣe máa jókòó nínú ìgbìmọ̀, táwọn àgbà á sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọgbọ́n wa ló pa wá. Akọ̀wé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣàkóso agbègbè wa pe ìhà méjèèjì, ó ní ọ̀nà méjì ni ìjọba gbà láyè: kí ènìyàn máa wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ ẹni tó fẹ́ sí akọ̀wé létí, tàbí kí gbogbo ènìyàn tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ ní gbangba. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́ ti etí akọ̀wé. Kíá la fò sókè. Etí akọ̀wé kẹ̀? Akọ̀wé tó ń jẹ obì Bàbá Ọlọ́kọ̀? Ó máa gbọ́ Ràímì, á sì kọ nǹkan mìíràn. Títò la fẹ́. A ní ìlà ènìyàn kò ṣeé jí gbé. A jà fún un, a sì borí. Mo rántí pé Bàbá Ọlọ́kọ̀ kò tiẹ̀ bá wa jiyàn púpọ̀ nígbà tí ó yá. Ó wo ọ̀gá mi, ọ̀gá mi wolẹ̀. A rò pé a ti ṣẹ́gun wọn.

Pápá iwájú kóòtù ni a ti ṣe é, ní òwúrọ̀. Gbogbo ọkùnrin tí akódà gbà pé ó ti tó owó orí san ló lè tò. Bàbá Ọlọ́kọ̀ dúró lábẹ́ igi ọdán, Ràímì dúró sínú oòrùn. Ilẹ̀ kò tíì gbóná tí ìlà Ràímì fi gùn dé ojú ọ̀nà. Télọ̀, alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gbogbo wọn ọ̀dọ́, wọ́n ń ta ara wọn léjìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Bàbá Ọlọ́kọ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ àti dírẹ́bà rẹ̀ nìkan ni.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gá dé. Wọ́n jọ dé ni, wọ́n wọ agbádá, ọ̀gá mi wà láàárín wọn. Wọn kò wò wá. Wọ́n rìn lọ sábẹ́ ọdán, wọ́n sì tò, ṣùgbọ́n wọn kò tò mọ́ ara wọn lẹ́yìn. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan dúró, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá télọ̀ tó ní ọmọ iṣẹ́ púpọ̀, àlàfo tirẹ̀ gùn. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ, tirẹ̀ kúrú. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn dúró, wọ́n kọjú síwájú, wọ́n ń dúró de àwọn tó ni àlàfo.

Ẹ̀rín tán nínú ìlà wa. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan ló kọ́kọ́ jáde, ó tẹrí ba, ó rìn gba àárín pápá kọjá, ó dúró sí ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn. Kò sí ẹni tó ń sáré. Mo rí àwọn tí omi ń bọ́ lójú wọn tí ẹsẹ̀ wọn sì ń lọ. Àlàfo kún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìlà abẹ́ ọdán fi di odindi.

Àlàfo ọ̀gá mi ló kẹ́yìn. Àwọn yòókù nínú ṣọ́ọ̀bù wa ti lọ, ó ku àyè èmi nìkan. Ó yíjú padà lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Ìwò ẹni tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ kí oúnjẹ má baà tutù ni.

Ràímì sọ̀rọ̀ láìyíjú. Ó ní, "Lásísì, lọ. O ò tíì gba ìyọ̀ǹda."

Mo ní mi ò lọ. N kì í ṣe akíkanjú, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Apá Sàlíù ni mo ń rí, bí wọ́n ṣe gbé e sókè tí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò kàn lè gbé mi kọjá pápá yẹn. Nígbà tí akọ̀wé wá ka ìlà wa, èmi ni, àti àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ tí kò lọ́gàá, àti ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí ọ̀gá rẹ̀ ti kú. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá Bákàrè kò lé mi. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó dáhùn ìkíni mi, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, títí oṣù fi wọṣù. Mo ń jókòó, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fá igi yí mi ká, wọn ò lè wò mí lójú. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ìṣó lórí òkúta fúnra mi, kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo kí i, mo sì padà sí Alápòtì láìní ìyọ̀ǹda. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí káfíńtà kan l'Ọ́tà tó fún mi ní iṣẹ́.

Ti Ràímì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn akódà tó ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń sọ pé kò san tó, wọ́n sì tì í mọ́lé léraléra. Ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ sí Gold Coast, ó gba Alápòtì kọjá láti kí mi. Ó ti gbẹ. Ó ní kí n máa yà wo Ìyá Sàlíù, ó sì ní bí wọ́n bá ṣe nǹkan náà lọ́jọ́ kan, kí n ránṣẹ́ sí òun ní Kúmásì. Mo ní màá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà títí n kò fi rí i mọ́, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi.

Alápòtì ni mo ti ṣe iṣẹ́ ayé mi. Ilẹ̀kùn, bẹ́ńṣì ilé ìwé, ibùsùn ìyàwó. Ayùn ọwọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, inú igbó ni wọ́n ti ń la gẹdú, ẹnìkan lókè, ẹnìkan nínú kòtò, ayùn gígùn láàárín wọn. Ìgbà tó yá, ẹnìkan gbé ẹ́ńjìnnì ìlagi wá sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní títọ́ gbọnrangandan. Mo gbọ́ pé Ọ̀gá Bákàrè búra pé pákó ẹ́ńjìnnì kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù òun, pé kò ní ẹ̀mí. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń rà á. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ohun tí ó bá kọ̀ lónìí ni yóò máa yìn lọ́la, bí ẹni tó kọ́kọ́ mú un wá kò bá ti sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ìròyìn jáde pé ìgbìmọ̀ ti mú owó orí kúrò lọ́rùn ọmọ iṣẹ́. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ló dá a lábàá. Ẹgbẹ́ ní kí gbogbo ìlú wá dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni oníṣòwò obì kan dé láti Kúmásì, ó yà sọ́dọ̀ mi, ó ní Ràímì ti kú. Ikọ́ ló pa á. Ilé alájọgbé ló kú sí, àwọn ará Ìlọrin tó wà níbẹ̀ ló sin ín. N kò rí ẹnu sọ ọ́ fún Ìyá Sàlíù.

Pápá kan náà ni. Wọ́n kan pèpéle, wọ́n na páànù sórí rẹ̀. Agbẹjọ́rò ti Abẹ́òkúta wà níbẹ̀, ó ti sanra, ó ní ẹgbẹ́ náà kò fìgbà kan gbàgbé ọmọ iṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ìyá ọmọ tó kú nítorí owó orí wà láàárín wa, kí ó bọ́ síwájú wá dúpẹ́ lọ́wọ́ olóyè. Wọ́n ti rán ènìyàn lọ mú un wá láti ilé. Wọ́n di apá rẹ̀ mú gun pèpéle, torí ó ti di arúgbó.

Ó wo Bàbá Ọlọ́kọ̀, ó wo àwọn àgbà, ó wá wo gbogbo pápá fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹnìkan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó le. Mò ń wá a, mi ò rí i."

Bàbá Ọlọ́kọ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbà á. Mo rò pé òun gan-an rò pé òun ni ìyá ń kí.

Mo lọ gba Ìyá Sàlíù sọ̀kalẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Bákàrè náà ti dé ibẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a kò tíì sún mọ́ ara wa tó bẹ́ẹ̀. Ìyá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Lásísì, ṣé o ti ránṣẹ́ sí Ràímì pé wọ́n ti ṣe é?"

Ọ̀gá gbójú sókè, òun náà ń dúró de èsì.

Mo ní, "Ó ti kú, Ìyá. Kúmásì ni wọ́n sin ín sí."

Ìyá kò sunkún. Ó kàn di ọwọ́ mi mú dáadáa sí i. Ọ̀gá mi ló dà bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ó ní, "Mo rò pé àsìkò ṣì wà."

Ìyá yíjú sí i. "Fún ta ni, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá Bákàrè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tuntun ti ń kóra jọ bọ̀ wá tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti sìn ín lọ sílé. Ọ̀gá dúró síbẹ̀, ó ń wò wá, títí mo fi mú Ìyá Sàlíù kúrò lórí pápá náà.